Ìlà Tí Lagi Kò Tú

Ní erékùṣù Savai'i, kò sí ẹni tó mọ ẹní hun tó Lagi, kò sì sí ẹni tó le tó o: ìlà tó bá ti wọ́, àfi kó tú u. Nígbà tí dókítà sọ pé àrùn oríkèé ló mú ìka rẹ̀ wú, àti pé kò ní lọ, kò yọjú sáàárín àwọn ahunní mọ́. Ẹní ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ dúró sí ìdajì.

Lọ́jọ́ kan, Tulua, ìyàwó pásítọ̀, kó obìnrin mẹ́rin wá bá a. Ìka gbogbo wọn wú bíi tirẹ̀.

“Lagi olóríkunkun, ṣé ìwọ nìkan ló ń ṣe ni? Gbé ẹní yẹn wá!”

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hun ún títí di ìrọ̀lẹ́. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n rí hun, ó sì wọ́. Lagi wò ó, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Kò tú u.