Adìyẹ Tí Màmá Pa fún Àwọn Tó Wá Yẹ Adìyẹ Wò

Ìyá ọkọ mi kì í jẹ́ kí àlejò jáde nílé wa láìjẹun. Ẹni tó wá ka mítà iná pàápàá ti jókòó jẹun rí. Bí àlejò bá sì ti ọ̀nà jíjìn wá, adìyẹ ni Màmá máa ń pa fún un. Mo mọ èyí láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, kò sì yẹ kí n gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí àlejò ti orílẹ̀-èdè mẹ́ta wá sọ́dọ̀ wa ní Oregbeni nílùú Bìní.

Adìyẹ tó ń yé ẹyin ni mò ń sìn lẹ́yìnkùlé. Nígbà náà, adìyẹ ń kú ní oko kan lápá Aduwawa, wọ́n sì ń sọ pé ọ̀fìnkìn ẹyẹ ni, èyí tó lè ran èèyàn. Dókítà ẹran àdúgbò wa, ọmọ Ẹ̀dó kan tí kì í gbóhùn sókè, pè mí pé òun ń bọ̀ wá yẹ tèmi wò, àwọn àlejò kan yóò sì bá òun wá. Ó ní ẹyẹ inú igbó ń gbé àrùn yìí kọjá ẹnubodè láìgba físà, ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń bá ara wọn ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá rí i lára ẹyọ kan nínú adìyẹ mi, gbogbo wọn ni wọ́n máa pa.

Wọ́n dé: obìnrin kúkúrú kan láti Fietnámù, ọkùnrin gíga kan láti Sẹ̀nẹ̀gà, àti òyìnbó kan tí oòrùn ti sọ di tòmátò. Obìnrin yẹn fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ Màmá, ó sì tẹ orí ba. Màmá wò mí.

"Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyí," ni wọ́n wí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

A wọ aṣọ funfun tó bò wá látòkèdélẹ̀, a fi ìbòmú sí i. Ọmọbìnrin mi ní, "Mummy, you be like person wey dey go moon." Wọ́n ń mú àwọn adìyẹ kan, wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní òwú lórí nu ọ̀nà ọ̀fun wọn, wọ́n á sì fi òmíràn nu ìdí. Èyí tí wọ́n bá ti nù, wọ́n á fi òrùka pupa sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á kó o sínú ọgbà wáyà níta. Òwú náà wọ inú kúlà. Dókítà ní bí wọ́n bá rí nǹkan nínú rẹ̀, ó máa wọ bàálù lọ sí òkè òkun kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Èmi tí mò ń bọ́ wọn, mi ò tíì wọ bàálù rí.

Nígbà tí a parí, dókítà ka àwọn olórùka, ọ̀kan dín. Ó tún wọn kà. Ọkùnrin Sẹ̀nẹ̀gà bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ táǹkì omi.

"Bóyá ó fò lọ," ni mo wí, bẹ́ẹ̀ adìyẹ mi ò lè fò kọjá orúnkún.

Òórùn ìyẹ́ tó kan omi gbígbóná ló dá wa dúró. Kò sí ẹni tí kò mọ òórùn yẹn nínú wa, òyìnbó pẹ̀lú.

A bá Màmá nílé ìdáná lórí àpótí, wọ́n ń tu adìyẹ. Òrùka pupa ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi ti lẹ̀ mọ́ ògiri. "Grandma say make I boil water," ló wí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ lọ fọwọ́, kò ní pẹ́ mọ́," ni Màmá wí.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ pa á?" Dókítà lè sọ ìwọ̀nba Yorùbá.

"Ṣé láàyè lẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

"Màmá, wọ́n ti sàmì sí i," ni mo wí.

"Mo rí i. Mo rò pé àwọn tó wù wọ́n ni wọ́n sàmì sí. Mo ní àlejò tó mọ̀wà hù rèé, wọn ò fẹ́ kí n dààmú."

Nígbà tí dókítà túmọ̀ rẹ̀, obìnrin Fietnámù jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ìbòmú rẹ̀ fi yẹ̀. Ó ní ìyá òun náà ti ṣe é rí fún àwọn tó wá yẹ ẹran wò, pẹ́pẹ́yẹ ni tiwọn.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi le. Wọ́n ri adìyẹ náà mọ́lẹ̀ jìn, wọ́n fi oògùn apakòkòrò fọ ilé ìdáná àti ọwọ́ Màmá. Dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: bí adìyẹ yẹn bá ní àrùn náà, Màmá ti fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti dàgbà. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ adìyẹ kúrò lọ́kàn mi.

Wọ́n wá nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Yorùbá, ó ń pe Màmá lórí fóònù láràárọ̀.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ara yín ò gbóná? Ṣé ẹ ò wúkọ́?"

"Ara mi tutù bí omi àmù. Ìwọ ńkọ́, o ti jẹun?"

Màmá á ti wẹ̀, wọ́n á ti múra sílẹ̀ de ìpè náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń bá nọ́ọ̀sì parí ìjà òun àti ọkọ rẹ̀. Àwọn àlejò wa náà ń béèrè wọn lọ́wọ́ dókítà. "Ọ̀fìnkìn tí mi ò tíì ṣe ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé," ni Màmá wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wúkọ́. Mo fi ṣíbí sílẹ̀, mo ń wo ọ̀fun wọn.

"Ata tí ò ń dín ni. Má wò mí bí adìyẹ."

Síbẹ̀ mo sọ fún nọ́ọ̀sì, wọ́n sì wá fi igi olówùú nu ọ̀fun Màmá. Màmá la ẹnu fún wọn. Lẹ́yìn náà Màmá na ẹsẹ̀: "Òrùka mi dà?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí dókítà pè pé èsì ti jáde, kò sí nǹkan lára adìyẹ, kò sí nǹkan lára Màmá, mo sáré lọ sọ fún Màmá. Ìbéèrè kan ni Màmá ní.

"Èyí tí mo pa ńkọ́?"

"Òun náà ò ní nǹkan kan, Màmá."

"Ẹ wá gbé irú ẹran bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ jẹ."

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì ò pè mọ́. Mo rí Màmá tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n ti múra, tí fóònù wà lórí itan wọn. Mo jáde lọ sí ilé adìyẹ, mo pe Màmá lórí fóònù.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ara yín ò gbóná?"

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Ó tutù," ni wọ́n wí. "Tí o bá ń bọ̀, mú ọ̀kan dání. Èyí tí kò lórùka."