Òjò Tí Kì í Rọ̀ Lọ́sàn-án Jímọ̀ọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ rí Àlàájì Kàbírù Ajíbóyè nígbà tí igi bá ń rúwé, kó má wulẹ̀ lọ wá a sílé. Rùkáyàt ìyàwó rẹ̀ ni yóò ṣílẹ̀kùn, yóò sì na ìka sókè bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti kú. “Ó wà lókè,” ni yóò wí, á sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Òkè tó ń wí kì í ṣe ọ̀run. Òkè kan ni lẹ́yìn Peckham Rye, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti ń dá oko ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́. Bí èèyàn bá dúró lórí rẹ̀, gbogbo London á tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí abọ́ tí wọ́n kó jọ tí wọn ò tíì fọ̀. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ gbé ẹ̀rọ wọn sí: òpó kan tí nǹkan ń yí lórí rẹ̀ láti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́, àpótí funfun kan tó mọ òtútù àti ooru, àti agolo kan nísàlẹ̀ tó la ẹnu sílẹ̀ de òjò. Ohunkóhun tí ẹ̀rọ yìí bá rí, orí fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń rán an lọ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ Àlàájì kò ju kó máa nu ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lára rẹ̀, kó sì máa gé koríko ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, bí òun ò bá gòkè lárọ̀, ilẹ̀ London ò ní mọ̀ pé ó ti mọ́.

Bọ́ọ̀sì ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wa kó tó fẹ̀yìn tì. Láti Elephant and Castle wá sí Peckham, kò sí èpè tí àwọn èrò ọkọ̀ ò ṣẹ́ fún un nítorí òjò, bí ẹni pé òun ló rán an. Nísinsìnyí, àwọn kan náà tó ń pòṣé sí i nídìí ìwakọ̀ ló ń fi ajá gòkè, tí wọ́n á dúró, tí wọ́n á fi sùúrù bi í pé báwo lojú ọjọ́ ṣe máa rí. Àlàájì á wo apá ìwọ̀ oòrùn, á fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, á sì mú wọn dúró díẹ̀ kó tó dáhùn. Adùn yẹn ló ń gbé e gòkè.

Ojú ọjọ́ ìgbà yẹn náà kì í jẹ́ kí iṣẹ́ sú u. Ní àárọ̀, ìrì dídì á bo ewé àlùbọ́sà funfun. Kó tó mu tíì rẹ̀ dé ìdajì, oòrùn ti yọ. Kó tó bọ́ kóòtù, yìnyín wẹ́wẹ́ ti ń ta á lórí. Kó tó wọ kóòtù padà, ọ̀run ti mọ́, àwọn ìyá ọlọ́mọ láti East Dulwich sì ti ń wò ó bí wèrè tó wọ kóòtù nínú oòrùn.

Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni pé, lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú bá gbẹ gan-an, òjò ń rọ̀ lórí òkè Àlàájì. Òjò kékeré ni. Àlàájì fúnra rẹ̀ kì í rí i, ẹ̀rọ ló ń rí i. Ó gbà pé ìkùukùu orí òkè ni, tó ń kán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òun bá yíjú sẹ́yìn. Á sì fi ohùn ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí lórí WhatsApp: “Ẹ̀yin ará, asàlámù àléékúmù. Lókè wa níbí, òjò rọ̀ lónìí. Ó kéré, àmọ́ ó rọ̀. Kálukú kó ṣọ́ra.”

Nítorí ohùn yìí ni Rùkáyàt fi ń mú agbòjò lọ sí Rye Lane nínú oòrùn, táwọn ẹlẹ́ja ń bi í bóyá ojú ló ń dùn ún. Rahmah, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì, kúkú wọ aṣọ òjò pẹ̀lú awò ìlúwẹ̀ẹ́ jókòó sí pálọ̀ dè é lọ́jọ́ kan.

“Daddy, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ lúwẹ̀ẹ́ wálé ni?”

“Máa fi mí ṣeré. Ọjọ́ tó bá pa ẹ́ láìní agbòjò, wàá mọ̀.”

“Daddy, òjò yín ò mọ ọ̀nà ilé wa. Allow it, ẹ fi sílẹ̀.”

Ìgbà tí ẹgbẹ́ ojú ọjọ́ pè é lórí fóònù ni ẹ̀rín kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ẹ̀rọ òkè yẹn ti bàjẹ́, ó ń rí òjò tí ẹ̀rọ kankan ò rí. Wọ́n ní Màdáàmù Agnes, tó ń bá ẹgbẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe, ń bọ̀ wá wò ó, bí kò bá sì rí ojútùú, yóò tú u, wọn á gbé e lọ sí òkè mìíràn.

Àlàájì ò jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n bá tú ẹ̀rọ náà, kí ni òun ń gòkè lọ ṣe? Ta ni yóò tún dúró bi òun ní nǹkan kan? Ó foríbalẹ̀ lórí ẹní, ó bẹ Ọlọ́run kó rọ òjò lọ́jọ́ tí obìnrin náà bá dé. Kò béèrè púpọ̀. Èyí tó lè kún ṣíbí ti tó.

Ọjọ́ náà pé, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Kò sí ìkùukùu tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Àlàájì wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Màdáàmù Agnes gòkè pẹ̀lú báàgì irinṣẹ́ léjìká. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì.

“Ẹ kú àtigòkè o, Màdáàmù.”

“Ẹ ṣeun, Àlàájì. Orúnkún mi ló yẹ kẹ́ ẹ kí.” Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì yọ fóònù rẹ̀. “Lánàá, gbogbo ìsàlẹ̀ yìí ló gbẹ. Ẹ̀yin nìkan lòjò rọ̀ sí.”

“Ojúrere Ọlọ́run ni.”

“Lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan?”

“Ọlọ́run kì í ṣahun, Màdáàmù.”

“Ó dáa. Nígbà tí ìjọba sún aago síwájú níparí oṣù kẹta, òjò yín náà sún aago tirẹ̀. Ta ló sọ fún un?”

Àlàájì họ orí. “Ó ṣeé ṣe kó gbọ́ nínú rédíò.”

“Lọ́jọ́ Friday sì rèé, kì í rọ̀ lọ́sàn-án rárá.”

Àlàájì ò tíì ronú kan ìyẹn rí, torí mọ́ṣáláṣí lòun náà máa ń wà lọ́sàn-án Friday. Ara rẹ̀ yá gágá. “Ẹ rí i báyìí? Òjò tó mọ Jímọ̀ọ̀ ni. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ̀ ọ́n?”

“Ọ̀sẹ̀ tí òtútù dá yín dùbúlẹ̀ ńkọ́? Kò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan.”

“Ó ń bá mi kẹ́dùn ni.”

Màdáàmù Agnes wò ó bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó ní ìyá òun kú, tí ìyá náà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tú ìdérí ẹ̀rọ, ó yẹ inú rẹ̀ wò, kò rí ohun tó ṣe é. Ó dé e padà, ó wá lọ jókòó. “A óò dúró wò ó,” ló wí.

Wọ́n dúró. Afẹ́fẹ́ fẹ́, òdòdó igi ń já sórí wọn, òjò ò rọ̀. Nígbà tó yá, fóònù Àlàájì pe ìrun Àìlà.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màdáàmù, ẹ jẹ́ n kírun kí n tó máa bá yín ṣọ́ ọ.”

Ó gbé bútà rẹ̀, ó lọ síbi tó ti máa ń ṣe àlùwàlá, lẹ́bàá ọgbà ẹ̀rọ, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ó ṣan ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó bọ́ ojú. Omi náà tutù débi pé, nígbà tó kan ẹsẹ̀, ó dárúkọ ìyá rẹ̀. Omi díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú bútà. Ìyá náà ló kọ́ ọ láti kékeré pé omi àlùwàlá ò gbọdọ̀ ṣòfò, ohun tó bá ṣẹ́ kù, ewéko ló ni ín. Àlàájì sì ti gbin tẹ̀tẹ̀ yí ẹ̀rọ ká. Kò wo ẹ̀yìn. Ó ju omi náà sẹ́yìn láti òkè èjìká, bó ṣe ń jù ú lójoojúmọ́, ó sì ń sọ aṣọ rẹ̀ kalẹ̀.

Fóònù Màdáàmù Agnes dún.

“Àlàájì,” ló wí jẹ́jẹ́, “òjò ti ń rọ̀.”

Àlàájì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Alihamudulilai. Mo sọ fún yín. Mo sọ fún gbogbo yín.”

“Ẹ yíjú sẹ́yìn.”

Ó yíjú. Tẹ̀tẹ̀ ń kán. Agolo òjò ń kán. Ẹ̀kán omi kan ṣì rọ̀ sétí agolo náà, kò mọ̀ bóyá kóun wọlé tàbí kóun já bọ́.

Àlàájì wo bútà ọwọ́ rẹ̀, ó wo agolo, ó tún wo bútà. Àìlà. Àlàásárì. Jímọ̀ọ̀. Gbogbo ohùn tó ti fi ránṣẹ́ sí mọ́ṣáláṣí ń padà sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ tú u,” ló wí níkẹyìn. “Irọ́ ni mo ń pa mọ́ Ọlọ́run látìgbà tígi ti ń rúwé.”

“Ta ní ó tú kí ni?” Màdáàmù Agnes ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí gèlè nu ojú. “Mo gòkè wá torí mo rò pé ó bàjẹ́. Omi lẹ dà sí i, omi ló kà. Ara rẹ̀ le ju tiwa lọ. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín sọ fún ọ̀gá ẹgbẹ́, ẹ ó sì sọ ọ́ báyìí.”

Ó tẹ nọ́ńbà, ó na fóònù sí i. Àlàájì fi gẹ̀ẹ́sì tó fi ń bá ọ̀gá bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ láyé ọjọ́sí ṣàlàyé àlùwàlá, bútà àti tẹ̀tẹ̀. Ọ̀gá náà bi í bóyá òjò kankan wà tó jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

“Èyí tó bá pa mí, òótọ́ ni,” ni Àlàájì dáhùn.

Ọ̀gá ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Wọn á yọ òjò bútà kúrò nínú àkọsílẹ̀, ẹ̀rọ ò lọ síbì kankan, kí Àlàájì ṣáà máa ṣe àlùwàlá lódì kejì ọ̀nà. Àlàájì dúpẹ́ títí fóònù fi já. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀, ó kọjú sí gábàsì, ó wọ inú ìrun. Ó ti tẹ̀ dé rúkúù nígbà tó gbọ́ ohùn Màdáàmù Agnes lẹ́yìn, tó ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù: “Mo ní kì í rọ̀ ní Jímọ̀ọ̀.” Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Àlàájì. Ìrun bàjẹ́.

Ó nàró, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tíì ka Fátíhà tán nígbà tí obìnrin náà wí pé, “Ó ní ó ń bá òun kẹ́dùn ni.” Èyí náà bàjẹ́.

Àlàájì yíjú, omi ẹ̀rín lójú. “Màdáàmù Agnes, ẹ ò ní bínú. Ẹ bá mi lọ sídìí igi ìsàlẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín yín tán níbẹ̀, kí n lè rí ìrun kí.”

Màdáàmù Agnes fọwọ́ bo ẹnu, ó gbé báàgì, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Àlàájì dúró títí ohùn rẹ̀ fi jìnnà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.