Ìṣó Karùn-ún

Ìyá Ìṣó ni gbogbo wa ń pè é níbi iṣẹ́. Òrùlé àtijọ́ ni wọ́n ń kó wá fún wa, èyí tí wọ́n fi páálí tí wọ́n rẹ sínú ọ̀dà ṣe. A ó yọ ìṣó kúrò lára rẹ̀, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ ọ̀dà gbígbóná, wọ́n á fi ṣe títì. Ìṣó kan ṣoṣo tó bá sá mọ́ wa lọ́wọ́, inú táyà ẹlẹ́táyà ló ń lọ.

Ògiri kan ló wà láàrin ilé rẹ̀ àti tèmi. Kanlékanlé ni ọkọ rẹ̀. Níbi táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kan ìṣó mẹ́rin mọ́ páálí kan, márùn-ún ni tirẹ̀. Á ní atẹ́gùn kì í kágò kó tó wọlé. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Nígbà tó já bọ́ látorí òrùlé onílé kan tó sì kú, àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, àmọ́ ohun tó wà lẹ́nu ayé ni pé kò mọṣẹ́. Ta ló fẹ́ bá wọn jiyàn? Òrùlé tiẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jò!

Ìyàwó rẹ̀ ò sunkún. Ó gbé abọ́ síbi tó ń jò, ó wáṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bi mí pé, "Àbúrò, ṣé lóòótọ́ ni ò mọṣẹ́?" Mo ní mi ò mọ̀. Mi ò gun òrùlé rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tíìpà da òrùlé sílẹ̀ níwájú wa. Ìyá Ìṣó ń fi ẹ̀mú fa ìṣó, ó ń ju páálí sẹ́nu ẹ̀rọ, kò wo ibì kan. Èmi ni mo rí i pé ìṣó ti pọ̀ jù. Mo ka ti ọwọ́ mi: márùn-ún. Mo mú òmíràn: márùn-ún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo èyí."

Ó wò ó. Ẹ̀rọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó dìde lọ bá dírẹ́bà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọ́n fi tú òrùlé yìí? Ṣé ó ń jò ni?"

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. "Jò kẹ̀? Àwọ̀ rẹ̀ ni ò wu ẹni tó ra ilé. Bàbá tó tà á ní látọjọ́ tí wọ́n ti kàn án, ẹ̀kán omi kan ò wọlé. Àwọn tó tú u ṣépè títí, ọwọ́ wọn bó!"

"Ẹ ṣé." Ó padà wá jókòó.

Nígbà tí ọ̀gá wa gbọ́ pé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni, ó ní kó mú páálí kan tó kù lọ sílé. Ìyá Ìṣó mi orí, ó yọ ìṣó rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu ẹ̀rọ bí ìyókù. Kí n má purọ́, inú bí mi sí i. Mo ní òkúta ni wọ́n fi ṣe obìnrin yìí.

Òjò dé kí a tó ṣíwọ́. Nígbà tí a délé rẹ̀, abọ́ ti kún. Mo fi ṣàwàdà: "Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó da omi nù, àmọ́ kò gbé abọ́ náà padà. Ó dúró síbi tí omi ti ń kán, ó gbójú sókè.

"Ó mọṣẹ́," ó ní. "Láàárọ̀ ọjọ́ tó já bọ́ yẹn, ó ní tóun bá ti kúrò lórí òrùlé onílé náà, tiwa ló kàn."

Ó wá bú sẹ́kún. Mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sílẹ̀ níbi tó máa ń gbé e sí.