Ọjọ́ Márùn-ún Nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Singapore

Ọdún méjìlélógún ni Olúfúnṣọ́ fi wa bọ́ọ̀sì láti Barking lọ sí Creekmouth ní London kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ tí èèyàn ń ti òkèèrè wá wò. Ilé ìkẹ́rùsí lọ́tùn-ún, ilé ìkẹ́rùsí lósì, lẹ́yìn náà odò Roding tó pọ́n bíi tíì àná, tó ń wọ́ lọ bá odò Thames bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò wù ú jẹ́.

Bóyá ìdí nìyẹn tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fi gbé kàlẹ́ńdà kan kọ́ sí kíṣìnnì wọn ní Becontree, tí wọn kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Àwòrán Singapore ló wà lórí rẹ̀: ilé gogoro mẹ́ta dúró ti ara wọn, ọkọ̀ ojú omi kan sì nà gbalaja lórí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àfi bíi pé ìkún omi ayé Nóà ló gbé e débẹ̀ tó gbàgbé rẹ̀. Ìyá Gbémi a máa fi ìka kan ọkọ̀ náà bó bá ń ro ọkà. Á ní, "Bàbá Gbémi, ọjọ́ tí ẹ bá dá kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì wọn padà fún wọn, orí ọkọ̀ yìí la ó ti jọ mu tíì."

Ó ku oṣù mẹ́jọ kó dá kọ́kọ́rọ́ náà padà ni obìnrin náà papò dà. Olúfúnṣọ́ búra níwájú pósí pé òun á dé orí ọkọ̀ yẹn, òun á ra tíì ife méjì, òun á mu ọ̀kan, òun á sì gbé ìkejì ka iwájú àga tó ṣófo.

Gbémi, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí Singapore nígbà yẹn. Òun ló ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún bàbá rẹ̀. Ó gba ìsinmi ọjọ́ márùn-ún níbi iṣẹ́, ó sì to gbogbo ohun tí wọn yóò wò lẹ́sẹẹsẹ, tó fi ilé ọlọ́kọ̀ lórí ṣe ti ọjọ́ ìkẹyìn, bí ẹni tó fi ẹran sísàlẹ̀ àwo.

Ṣùgbọ́n ìjọ aláṣọ funfun ni Olúfúnṣọ́ ń lọ, ọmọ ìjọ wọn kì í sì í rìnrìn àjò láìjẹ́ pé wòlíì yẹ ọ̀nà náà wò. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó fẹ́ gbéra, òun àti Adétúnbọ̀ ará Marks Gate, tí wọ́n jọ ga bákan náà tí ikùn wọn sì jọ yọ bákan náà, kúnlẹ̀ níwájú Wòlíì Irewọlé. Ẹ̀mí gbé wòlíì. Agogo ń dún, ìyá àgbà kan ń hó yèè, kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan dáadáa nínú àwọn méjèèjì. Sista Moṣọpẹ́, akọ̀wé, kọ ti oníkálùkù sínú ìwé pélébé, ó ká a, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Akọ̀wé kì í kọ orúkọ èèyàn sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, "arákùnrin yìí" ni wọ́n máa ń kọ. Olúfúnṣọ́ kò mú awò ojú rẹ̀ wá. Ó ti ìwé bọ àpò sùtánà, ó bọ́ sùtánà, ó fi í kọ́ ara ògiri láàárín ti àwọn yòókù, ó lọ jẹ ìrẹsì. Nígbà tó jẹun tán ló wá mú sùtánà, ó rọ́ ọ sínú báàgì, ó sì sáré lọ palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ilé ló ti ka ìwé náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: "Fún ọjọ́ méje láti òní, kí arákùnrin yìí má ṣe gun ibi gíga, kí ó má sì ṣe sún mọ́ omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Ọlọ́run ń ṣọ́."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó wo kàlẹ́ńdà. Ìlú tí omi yí ká, tí ilé ibẹ̀ ń bá ìkùukùu sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ń lọ yìí.

Wàhálà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu lífítì. Àjà kẹrìnlá ni Gbémi ń gbé. Bàbá fi àpótí rẹ̀ ti ẹsẹ̀, ó ní òun kò gòkè, wòlíì ti kìlọ̀.

"Dádì, ṣé bàálù tó gbé yín wá, ilẹ̀ ló ń tọ̀ ni?"

"Mi ò gun bàálù. Wọ́n ní kí n jókòó, mo sì jókòó."

Gbémi wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ gba yàrá kan fún un ní hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan lẹ́yìn ilé, nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni ìkẹyìn. Omi ìwẹ̀ náà omi ni, nítorí náà aṣọ ìnura tí wọ́n fi omi rin ni bàbá fi ń nu ara, nínú oòrùn tó lè se ẹyin nínú àpò èèyàn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, eṣinṣin Singapore ti mọ̀ ọ́n lórúkọ.

Ọjọ́ kìíní, wọ́n lọ wo ère kìnnìún onírù ẹja tó ń pọ omi lẹ́nu sínú ọ̀sà. Gbogbo ayé kóra jọ síwájú rẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò. Olúfúnṣọ́ dúró sí òdìkejì títì, lábẹ́ agboòrùn ẹni tó ń ta áísìkiriìmù. Ìdí kìnnìún nìkan ló rí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé ọgbà tí wọ́n ti fi irin ṣe igi, igi tí ọ̀pẹ méjì tó gorí ara wọn kò lè ga tó, afárá sì wà láti orí ọ̀kan sí èkejì. Gbémi gorí afárá. Bàbá dúró nísàlẹ̀, ó gbé orí sókè títí ọrùn fi dùn ún. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ ojú omi. Gbémi wọ̀ ọ́ láàárín àwọn àjèjì, bàbá sì ń bá a rìn ní títì kejì sí odò, tó ń yọjú sí i láàárín ilé àti ilé bí amí. Lọ́jọ́ kẹrin, ọkọ̀ kékeré tó ń fi okùn irin rọ̀ kọjá lórí òkun lọ sí erékùṣù. Gíga ni, omi ni. Olúfúnṣọ́ kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú takisí.

Láti ìgbà yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni Gbémi ń bá a sọ, Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú. Bàbá mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ìyá rẹ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún pé. Ilé mẹ́ta náà dúró níwájú rẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nínú kíṣìnnì, ọkọ̀ lórí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tó jìnnà sí omi, ó fi fìlà funfun dé orí, àwòrán inú kàlẹ́ńdà tó ti ká wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbémi dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Yorùbá ló sọ.

"Mọ́mì ni mo ra èyí fún. Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ."

Bàbá mi orí. Ó ní, "Ọlọ́run tó sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ mi, Gbémi."

Ọmọ náà nìkan gòkè. Bàbá jókòó. Inú bí i sí wòlíì, inú bí i sí ilé náà tí kò lè tẹ̀ ba fún un, inú bí i sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì tí kò ní àléébù kankan. Ní pápákọ̀ òfuurufú, Gbémi dì mọ́ ọn bí ẹni tó ń ká aṣọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ta ló ń tiro bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bí kò ṣe Adétúnbọ̀, P.O.P. lẹ́sẹ̀ kan, ọ̀pá lábẹ́ abíyá méjèèjì, sùtánà lọ́rùn. Ó jókòó ti Olúfúnṣọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ wòlíì lábẹ́lẹ̀. Àṣé ó ti pẹ́ tí gọ́tà etí òrùlé rẹ̀ ti dí, ẹ̀rù àkàbà ló ń bà á. Ìwé wòlíì ló fún un nígboyà. Ó gun àkàbà, ó na ọwọ́, àkàbà yẹ̀, ó fẹ̀yìn já bọ́ sínú àgbá òjò tó wà nísàlẹ̀, àgbá sì yí gbirigbiri tòun tiẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Ẹni tó bá ní àgbá kì í yí gbé èèyàn, kó lọ bi aládùúgbò náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ojú ara yín ka nǹkan tí wọ́n kọ fún mi."

Olúfúnṣọ́ mú awò ojú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó kà á: "Arákùnrin yìí yóò gòkè láìbẹ̀rù. Ní ibi gíga, lẹ́bàá omi, ibẹ̀ ni a ó ti nu omijé rẹ̀ nù."

"Ìgbà wo lẹ rí mi tí mò ń sunkún?" ni Adétúnbọ̀ ń wí. "Ó yẹ kí n ti fura."

 Olúfúnṣọ́ na ọwọ́ sí àpò sùtánà ọkùnrin náà, ó yí inú rẹ̀ síta. Òwú aró ni wọ́n fi rán an. Ọdún tí òwú funfun tán nílé ni Ìyá Gbémi rán an, tó ní Ọlọ́run nìkan ló ń wo inú àpò.

"Adétúnbọ̀, bọ́ sùtánà mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí orin ná."

"Mo ní kí o bọ́ ọ."

Wọ́n bọ́ ọ tòun ti ọ̀pá tòun ti P.O.P., ó gba ẹni mẹ́ta. Olúfúnṣọ́ gbé e lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì kíṣìnnì, ó sì pe Gbémi. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi iyọ̀ kan sí i. 

"Dádì, mo ti lo gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi tán fún ọdún yìí."

"Mo mọ̀."

"Mo mu tíì yín lórí ibẹ̀. Méjèèjì. Ó ti tutù."

Ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Láti orí ọkọ̀ ló ti yà á, tó dojú kámẹ́rà kọ ilẹ̀. Ọ̀sà wà níbẹ̀, igi irin wà níbẹ̀, títì dà bí okùn bàtà. Nísàlẹ̀ pátápátá, lórí bẹ́ǹṣì kan, ohun funfun kan wà tí kò tó ẹyin iná orí.

Olúfúnṣọ́ fi ìka méjì fa àwòrán náà kó tóbi. Ó tún fà á. Bó ṣe ń tóbi ló ń ṣú sí i, títí tó fi di fìlà, tó sì kọjá fìlà, tí kò sì sí ojú kankan lábẹ́ rẹ̀ tó lè dá mọ̀.