Oríkì Tí Ṣọlápé Kò Lè Fi Pe Ara Rẹ̀

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ṣọlápé, tòsì sì tẹ̀ lé e. Ọdún méjìlá ló ti fi ń tẹ ìròyìn àwọn aláìsàn fún ilé ìwòsàn kan ní Downtown, lókè òkun níbi tí wọ́n ń gbé. Bí kì í bá ṣe ti Akínjídé ọkọ rẹ̀, iṣẹ́ ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Akínjídé ló ra ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbọ́ ohùn, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Òun náà ló fi sùúrù kọ́ kọ̀ǹpútà náà ní igba àṣẹ: Ṣọlápé á sọ ọ̀rọ̀ kan péré, kọ̀ǹpútà á sì kọ odindi ìpínrọ̀. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn, Akínjídé kú lójijì, ọkùnrin tí orí kì í fọ́.

Ní ọ̀sán Sunday kan, Ṣọlápé wà nídìí iṣẹ́ nílé wọn ní Ellenwood nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é láti Ìkìrun. Ó gbé fóònù sí sípíkà.

“Àjíkẹ́! Àjíkẹ́ ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?”

Kó tó dáhùn, ọ̀rọ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà, láàárín ìròyìn aláìsàn: *Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Oúnjẹ ti délẹ̀. Mo ń dúró dè ọ́.*

Bí Akínjídé ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Orí Ṣọlápé wú.

“Màámi, Akínjídé ń pè mí o!”

“Má dáhùn o! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má dáhùn!”

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ pa, ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sí pálọ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́, á fi ẹ̀yìn ti ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà gba ẹ̀yìn yọ sí i. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta!

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Bridget, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ọmọ Yorùbá tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, pè é. “Aunty Ṣọlápé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ move gbogbo commands yín sí new software yẹn o. Friday, five o'clock, old one máa shut down.”

Ní Friday, ó kó àwọn àṣẹ náà láti inú ètò àtijọ́ sínú tuntun. Igba tó mọ̀ kọjá, ọ̀kan tí kò mọ̀ rí kọ̀. Orúkọ èyí tó kọ̀ ni *Àjíkẹ́*, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sunday náà ló sì wà níwájú rẹ̀. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ fi hàn pé Akínjídé ṣe é ní ọjọ́ méjì ṣáájú ikú rẹ̀.

Ó wá yé e. Ọkọ rẹ̀ á pè é pè é láti kíṣìnì, kò ní gbọ́, nítorí ohun ìgbọ́rọ̀ tó fi bo etí. Ó wá kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa bá a gbọ́. Ṣọlápé kò sì mọ̀, torí ta ló máa ń jókòó fi oríkì pe ara rẹ̀? Ẹlòmíì ló máa ń fi pe ẹni.

Ètò tuntun ní àfi kí Ṣọlápé fi ohùn ara rẹ̀ sọ àṣẹ náà. Ohùn ìyá rẹ̀ kò lè wúlò fún un. Bí aago márùn-ún bá lù, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Akínjídé parẹ́ nìyẹn.

“Àjíkẹ́.” Ojú tì í. Kọ̀ǹpútà ní òun kò gbọ́.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó fa ohùn gùn, bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń fà á láti ìdí sítóòfù.

“Àjíkẹ́ẹ́ẹ́!”

*Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Oúnjẹ ti délẹ̀. Mo ń dúró dè ọ́.*

“Mo ń bọ̀ o,” ó dáhùn, kó tó rántí ìkìlọ̀ ìyá rẹ̀.

Ó dìde lọ sí kíṣìnì. Ó ti gbé abọ́ méjì kalẹ̀ kó tó dá ọ̀kan padà.