Ọmọ Inú Ìwé Tó Jẹ Àgbàdo Lọ́jọ́ Ikú Ìyá Rẹ̀

Kékeré ni mo wà ní Fìdítì níbí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà geere ni, nígbà tí ìwé ìtàn kan kó mi sí ìyọnu. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó síwájú mi yìí, tí ẹ ń fi ìka fa ojú fóònù sókè sódò, irú ìyọnu bẹ́ẹ̀ ò lè bá yín, torí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń kà. Ẹ gbé e sílẹ̀ ná, kí n rójú yín.

Ìtàn ọmọkùnrin kan tó dàgbà láìsí ìyá ni. Tíṣà wa ló fún mi. Iṣẹ́ gàrí ni ìyá mi ń ṣe nígbà náà. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti dé láti oko, àwọn obìnrin àdúgbò á pé jọ sábẹ́ igi máńgòrò wa, wọ́n á yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, wọ́n á bá wa bẹ ẹ́. Bó bá di ọjọ́ tiwọn, àwa náà á lọ. Ọmọ tó bá mọ̀wé kì í mú ọ̀bẹ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé ló máa kà sí wọn létí kí iṣẹ́ má baà sú wọn. Ó dùn mọ́ mi gan-an, torí mo lẹ́nu, mo sì kórìíra ẹ̀gẹ́ bíbẹ.

Lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé yìí dé, mo dìde dúró, mo ṣí i, mo gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́: "Ìyá mi kú láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Nígbà tó dọ̀sán, mo jẹ àgbàdo sísun."

Gbogbo ọ̀bẹ dúró. Ìyá mi wà lórí àpótí níwájú mi, oyún wọn ti tó bí. Obìnrin kan ní, "Aúsùbílàhì." Ìyá bàbá mi ní, "Tutọ́ sílẹ̀. Tutọ́ ẹnu ẹ dànù kíá." Mo tutọ́. Mo wá ń ṣàlàyé pé èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, ọmọ inú ìwé ni.

"Ẹnu ta la ti gbọ́ ọ?" Bí ìyá àgbà ṣe bi mí nìyẹn. Ìyá mi kàn fọwọ́ ra ikùn wọn, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹsẹ̀ ìyá mi wú, tí ojú wọn ń ṣókùnkùn. Wọ́n gbé wọn sínú mọ́tò, ó di ọsibítù ní Ọ̀yọ́. Ẹnikẹ́ni ò bá mi wí, ṣùgbọ́n bí mo bá kí àwọn obìnrin yẹn, ẹnu mi ni wọ́n máa ń wò. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́, èmi ẹlẹ́nu.

Ọmọ inú ìwé yẹn ni mo wá kó gbogbo ìbínú mi lé lórí. Àgbàdo tó jẹ yẹn ló dùn mí jù. Irú ọmọ burúkú wo ni ìyá rẹ̀ á kú láàárọ̀, tí yóò rí ọ̀nà ọ̀fun gbé oúnjẹ mì lọ́sàn-án? Mo ní ẹni tó kọ ìwé náà ò lójú àánú. Èmi ò ní dà bí ọmọ yẹn láé. Mo wá kọ oúnjẹ. Lọ́kàn mi, bí mi ò bá ti jẹun bíi tirẹ̀, ohun tó bá a ò ní bá mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mò ń sọ fún yín.

Ìyá mi padà wálé. Ọmọ inú wọn ò bá wọn bọ̀. Wọ́n rí bí mo ṣe rù, wọ́n bi mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbé èkọ síwájú mi, wọ́n ní, "Ìwé kì í pa èèyàn. Jẹun." Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ọmọ inú ìwé yẹn, ta ló wá tọ́ ọ?" Bí mo ṣe ń ka ìyókù fún wọn nínú yàrá nìyẹn, ní ohùn jẹ́jẹ́, díẹ̀díẹ̀ títí tó fi parí. Ṣùgbọ́n ojú ewé àkọ́kọ́ yẹn, mi ò fẹnu kà á mọ́. Kódà nígbà tí mò ń ka ìwé náà fún àwọn ìyá yín, ojú ewé kejì ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọyẹ́ tó kọjá, ìyá mi papò dà. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Wọ́n wẹ̀ wọ́n, wọ́n kírun sí wọn lára, wọ́n sin wọ́n kí oòrùn tó mú. Bí ẹ ṣe ń sunkún lójúde, inú ilé ìdáná ni mo wà. Ẹnì kan ti gbé iṣu sísun àti epo kalẹ̀. Ebi ń pa mí. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì lá epo ọwọ́ mi. Ìgbà náà ni ọmọ yẹn wá sí mi lọ́kàn, ọmọ tí mo ti ń bú láti kékeré.

Ayé ti yí padà. Wọ́n ti gé igi máńgòrò yẹn, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀. Kò sí òkìtì ẹ̀gẹ́ tí ọmọ máa kàwé sí mọ́. Ẹ̀yin ń dá ka ohun tó wù yín, rere ni o, búburú ni o, ètè yín ò sì mì.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, tí gbogbo yín ti lọ, mo mú ìwé náà. Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, mo gbóhùn sókè bíi tìgbà náà, mo kà á: "Ìyá mi kú láàárọ̀ ọjọ́ ọjà." Mo wá dúró, mò ń retí ẹni tó máa ní kí n tutọ́ sílẹ̀.