Iná Kú, Omijé Ò Gbẹ

Ẹ fún mi láyè, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ugbonla, abúlé etí omi kan. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán lára mi.

Kánsẹ́lọ̀ ni mí. Kì í ṣe ti òṣèlú o! Èyí tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ènìyàn ni. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, òun ni wọ́n gbé wá ṣiṣẹ́ ní Igbokoda, ìlú èbúté! Bí mo bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, àdúrà ni títí a ó fi gúnlẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbà.

Àǹtí Dúpẹ́, obìnrin kan ní Ugbonla, ló wá pè mí. Ó ní ìyàwó àbúrò òun kì í jẹun, kì í sùn, ẹ̀rù sì ń ba òun pé ó lè ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá. Ibà ló kọlu Bọ́lá, ọmọbìnrin ìyàwó náà. Wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Igbokoda, inú ọkọ̀ ló kú sí, lórí itan ìyá rẹ̀, kí wọ́n tó dé jẹ́tì tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ yẹn mọ́. Ìyá Bọ́lá di Ìyá Ṣẹ́gun, orúkọ àbúrò olóògbé. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é o! Àwa Yorùbá, ṣé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo?

Abà tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja ni mo ti bá a. Wọ́n ní kí n má dààmú, pé ara rẹ̀ ti ń yá, òun ló ń kọ́kọ́ dáná, òun ló ń kẹ́yìn kúrò nídìí ààrò. Ojú gbogbo wa ló ń ṣomi nínú èéfín. Àwọn yòókù ń jáde lọ gba afẹ́fẹ́, èmi náà sá jáde. Òun ò jáde.

Nígbà tó yá, ẹja gbẹ, iná kú, èéfín lọ. Omi ṣì ń dà lójú rẹ̀.

Mo lọ jókòó tì í. Ó sáré fi etí ìró nu ojú, ó ní èéfín ni. Kí ni kánsẹ́lọ̀ fẹ́ sọ? Mo kàn bi í pé irú ọmọ wo ni Bọ́lá.

Ó wá pa ẹ̀ka èdè wọn tì, ó rọra fi Yorùbá tí mo lè gbọ́ dá mi lóhùn.

"Gbogbo wọn ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Àǹtí kánsẹ́lọ̀, ṣé omi ni Bọ́lá?"

Ló bá bú sẹ́kún. Obìnrin kan ní kó dákẹ́, kó má fi ẹkún pe ẹkún. Àǹtí Dúpẹ́ tó mú mi wá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, lòun náà bá ń sunkún. Ìyá Bọ́lá sọ fún wa pé orí ẹja lọmọ náà fẹ́ràn, pé ó máa ń kọrin fún ẹja lórí ààrò pé kó tètè gbẹ. Èmi tí mo wá tuni nínú, mo sunkún bí ọmọdé.

Ara rẹ̀ ò tíì yá o, mi ò ní parọ́. Ó ń rí dókítà ní Igbokoda báyìí, èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé e. Bí ọkọ̀ bá dé ibi tí Bọ́lá kú sí, á di ọwọ́ mi mú. Awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnì, Ìyá Bọ́lá á sì pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, pé ènìyàn ń ṣiṣẹ́ kò túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ ti yá. Bí ẹ bá lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ má fi òwe dí i lẹ́nu. Bí ẹ̀rù bá sì ń bà yín pé ó lè ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Orúkọ ta ni wọn kì í pè mọ́ nílé yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá kà á sókè.